Àwòrán Wa Lọ Sí Òkè Òkun, Orúkọ Wa Kù Sílé: Ìtàn Káàdì Àtijọ́ ní Ilẹ̀ Bantè àti Savalou

Bí ẹ ti ń ṣí ìwé ọdún yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fi fóònù ya yín ní fọ́tò lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti àárọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fọ́tò náà á ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Paris àti Montréal. Ẹni tó bá gbà á á mọ̀ yín, á pe orúkọ yín, á ní, “Ẹ wo bùrọ̀dá mi, ẹ wo àǹtí mi.”

Ìtàn àwòrán mìíràn ni mo fẹ́ sọ lónìí. Àwọn onífọ́tò àjèjì ló yà wọ́n, nígbà ayé àwọn ìyá ìyá wa. Wọ́n tẹ̀ wọ́n sórí páálí pẹlẹbẹ, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, wọn ò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí abẹ́ wọn. Káàdì alàwòrán là ń pè wọ́n, àwọn Faransé ń pè wọ́n ní carte postale.

Káàdì kan tí mo rà

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣa káàdì wọ̀nyí jọ. Ìlú yòówù tí mo bá rìnrìn àjò dé, ohun méjì ni mo máa ń béèrè: níbo ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn wà, níbo sì ni wọ́n ti ń ta ìwé àti káàdì àtijọ́?

Ní Paris, létí odò Seine, àwọn kan wà tí wọ́n ń ta ìwé àlòkù nínú àpótí tí wọ́n kàn mọ́ ògiri etí odò. Níbẹ̀ ni mo ti rí káàdì kan. Obìnrin mẹ́ta ló jókòó sábẹ́ igi, igbá wà níwájú wọn, ọ̀kan gbé ọmọ sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni “Dahomey – Femmes au marché”, ìyẹn ni pé àwọn obìnrin ní ọjà. Kò sí orúkọ ìlú, áńbọ̀sìbọ́sí orúkọ ènìyàn.

Nígbà tí mo dé ilé ní Bantè, mo gbé káàdì náà lé ìyá wa àgbà lọ́wọ́. Mo rò pé wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín ni. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n fi ìka tọ́ bí obìnrin àárín ti ró aṣọ rẹ̀, wọ́n fi ìka tọ́ ilà ojú rẹ̀. Wọ́n ní, “Ojú yìí jọ ojú ẹnì kan tí mo mọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Jẹ́ kí n rò ó wò.” Mo ní kò burú, ẹ máa rò ó. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo fi máa wálé lọ́dún kejì, ìyá àgbà ti lọ.

N ò kọ ohunkóhun sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. N ò bi wọ́n ní ìbéèrè kejì. Títí di òní, káàdì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, obìnrin àárín ṣì ń wò mí, n ò sì mọ ẹni tó jẹ́. Òun ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Bí káàdì ṣe dé ilẹ̀ wa

Ìlú Austria ni wọ́n ti kọ́kọ́ ta káàdì ìfìwéránṣẹ́, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1869. Páálí lásán ni, kò ní àwòrán. Ó rọrùn ju lẹ́tà lọ, owó rẹ̀ sì kéré. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwòrán sí ojú rẹ̀ kan. Láti nǹkan bí ọdún 1900 títí ogun àgbáyé kìíní fi bẹ̀rẹ̀ ní 1914, gbogbo ayé ló ń ra káàdì. Ẹni tí kò tíì kúrò ní abúlé rẹ̀ rí ní Faransé lè ní àwòrán Dakar, Saigon àti Abomey nínú álíbọ́ọ̀mù rẹ̀.

Àkókò náà gan-an ni ìjọba Faransé ń fìdí múlẹ̀ níbí. Oṣù kọkànlá ọdún 1892 ni ọ̀gágun Dodds wọ Abomey. Ní oṣù kìíní ọdún 1894, ọba Béhanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí erékùṣù Martinique. Wọ́n tẹ àwòrán ọba náà àti àwọn ará ilé rẹ̀ ní ìgbèkùn sórí káàdì, wọ́n ń tà á bí ẹni ta oúnjẹ. Nígbà tí Paris ṣe ìpàtẹ ńlá àgbáyé ní 1900, wọ́n kọ́ ibi tí wọ́n pè ní ilé Dahomey síbẹ̀ kí àwọn èrò lè wá wòran. Ó yẹ kí á rántí èyí nígbà tí a bá mú káàdì àtijọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ṣẹ́gun ló ń ya ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun.

Nínú gbogbo àwọn tó tẹ káàdì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orúkọ ẹnì kan ló tàn jù, Edmond Fortier. Ọmọ Faransé ni, wọ́n bí i ní 1862. Dakar ló fi ṣe ibùgbé, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1928. Káàdì tó tẹ̀ lé ní 3,000. Ní 1908, nígbà tí mínísítà tó ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ àmúsìn Faransé wá bẹ àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí wò, Fortier bá wọn rìn dé Dahomey. Ó tún padà wá ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá rí káàdì tí wọ́n kọ “Collection Générale Fortier, Dakar” sí, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn míṣọ́nnárì náà ò gbẹ́yìn. Ẹgbẹ́ Missions Africaines ti ìlú Lyon, tí wọ́n dé Ouidah ní 1861, máa ń tẹ káàdì tí àwọn ọmọ ìjọ ní Faransé ń rà láti fi ran iṣẹ́ wọn lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi ló pọ̀ níbẹ̀.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń ya fọ́tò nígbà náà o. Ní Èkó, George da Costa ti ń fi iṣẹ́ fọ́tò jẹun kí ọgọ́rùn-ún ọdún ogún tó bẹ̀rẹ̀. Ní Lomé, Alex Acolatse ṣí ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Ní Freetown, Alphonso Lisk-Carew ń ya fọ́tò, ó sì ń ta káàdì. Àwọn aládùúgbò wa ni wọ́n, ọmọ Áfíríkà bí tiwa. Bí a bá ń wá káàdì kiri, ká máa wá tiwọn náà.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí káàdì Ouidah, Kútọnu, Abomey àti Àjàṣẹ́ fi pọ̀, tí ti Bantè sì ṣọ̀wọ́n. Onífọ́tò ayé ìgbà náà kì í rìn lófìfo. Àpótí fọ́tò rẹ̀ tóbi, gíláàsì ló fi ń ya àwòrán, ẹrù náà wúwo, ó sì tètè ń fọ́. Ojú irin àti ojú ọ̀nà gómìnà ló ń tọ̀. Ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu gba Bohicon, Dassa àti Savè kọjá, kò yà sí Savalou, kò sì dé Bantè. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń wá wa nínú káàdì fi gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Kó má dúró dìgbà tó bá rí orúkọ Bantè kó tó wò ó. Kó wo abẹ́ Savalou, kó wo abẹ́ Dahomey lásán, kó wo ojú, kó wo ilà, kó wo bí wọ́n ti kọ́ ilé.

Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán

Kì í ṣe pé wọn ò kọ nǹkan kan. Wọ́n kọ ọ́, àmọ́ bí ẹni ń kọ orúkọ ẹyẹ ni. Wọ́n á ní “Type de femme”, irú obìnrin báyìí. Wọ́n á ní “Féticheur”, ì báà jẹ́ babaláwo, abọrẹ̀, tàbí àgbàlagbà kan tó kàn wọ ìlẹ̀kẹ̀. Ìgbà mìíràn, wọ́n á kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n á tò wọ́n bí ó ti wu onífọ́tò, wọ́n á sì pè é ní ijó ìbílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi káàdì kọ ìtàn kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ gbọ́ láìwádìí.

Síbẹ̀, àwọn àwòrán aláìlórúkọ wọ̀nyí rìn jìnnà. Picasso, ọmọ Sípéènì tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò ayé nídìí iṣẹ́ ọnà, ní nǹkan bí 40 káàdì Fortier nílé. Onímọ̀ kan tó ṣiṣẹ́ lórí àwọn fọ́tò rẹ̀, Anne Baldassari, sọ pé káàdì àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára ohun tó wò nígbà tó ń ya àwòrán ńlá rẹ̀ ti ọdún 1907, Les Demoiselles d'Avignon. Gbogbo ayé mọ orúkọ Picasso. Ta ló mọ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà?

Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tó tẹ káàdì ò wo ilé, wọn ò sì sọ ọmọ lórúkọ.

Ọmọ Doumè tí orúkọ rẹ̀ kò sọnù

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín, kí ẹ lè rí ohun tí orúkọ ń ṣe.

Ère irin kan wà ní Louvre ní Paris. Gou ni, òrìṣà irin, ẹni tí àwa ń pè ní Ògún. Ó dúró gbọingbọin, irin ni láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn irinṣẹ́ àti ohun ìjà kéékèèké sì yí orí adé rẹ̀ ká. Ayé Glèlè, ọba Abomey, ni wọ́n rọ ọ́. Nígbà ogun àwọn Faransé ni wọ́n gbé e kúrò ní Ouidah. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Fonssagrives ló fi í ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Trocadéro lọ́rẹ ní 1894. Akéwì Apollinaire rí i, ó sì yìn ín. Ní 1935, wọ́n gbé e dé New York fún ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà Áfíríkà. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti fún un láàyè ní Louvre, lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ ọnà tí gbogbo ayé ń tìtorí wọn wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ta ló rọ ọ́? Akati Ekplékendo ni orúkọ alágbẹ̀dẹ náà. Ìtàn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sọ pé Doumè ló ti wá, pé ogun ló kó o dé Abomey. Doumè tí à ń wí yìí, tiwa ni. Inú Savalou ló wà, àwọn tó ń sọ èdè Ifẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀, ìbátan wa sì ni wọ́n.

Lọ́jọ́ tí mo dúró níwájú ère náà, àwọn àlejò ń kọjá, wọ́n ń ya fọ́tò. Mo ka páálí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí orúkọ Akati níbẹ̀. Orí mi wú. Ẹrú ogun ni wọ́n mú un lọ ṣe, kò sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀, kò sí ẹni tó mọ bí ojú rẹ̀ ti rí. Ṣùgbọ́n àwọn kan béèrè orúkọ rẹ̀, àwọn kan rántí, àwọn kan kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní orúkọ, kò ní àwòrán. Obìnrin inú káàdì mi ní àwòrán, kò ní orúkọ. Nínú àwọn méjèèjì, Akati nìkan ni a lè sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ wa. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí: àwòrán láìsí orúkọ, ìran lásán ni. Orúkọ ló ń sọ ọ́ di ìtàn.

Orúkọ ìlú wa lókè òkun

Ẹlòmíràn tó mú fọ́tò rìn ní ilẹ̀ wa ni Pierre Verger, ọmọ Paris, tí wọ́n bí ní 1902. Ó kọ́kọ́ dé Dahomey ní àárín ọdún 1930 sí 1940. Nígbà tó yá, ó kọ́ Ifá ní Kétu, wọ́n sì fún un ní orúkọ Fatumbi. Nínú àwọn ìwé tó kọ lórí òrìṣà, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ Nàná Bùkúù, ó dárúkọ Doumè, ó dárúkọ Tchetti, ó dárúkọ Bantè, ó sì tọ ọ̀nà náà dé Atakpamé ní Tógò. Ó kú ní 1996 ní Salvador, ní Bràsíìlì. Fọ́tò tó lé ní 60,000 ló wà ní ilé tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ níbẹ̀.

Ní ìlú Salvador yẹn kan náà, àwọn olórìṣà kan ń pe ìran tiwọn ní Jeje Savalu. Wọn ò dé Savalou rí, àwọn baba ńlá wọn sì kọjá òkun nínú ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí orúkọ ìlú náà bọ́ lẹ́nu wọn. Bí àwọn tó lọ bá lè di orúkọ Savalou mú bẹ́ẹ̀, kí ni àwíjàre àwa tí a wà nílé?

Bí a ṣe ń ka ọjọ́ orí káàdì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn káàdì ni kí ẹ kọ́kọ́ yí i sí. Títí di òpin ọdún 1903, Faransé kò gbà kí ẹnikẹ́ni kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀yìn káàdì, àdírẹ́sì nìkan ló wà fún. Bí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ìlà tó pín in sí méjì, tí ẹni tó fi ránṣẹ́ sì há ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán, ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Láti 1904 lọ, ìlà wà láàárín: ọ̀rọ̀ lápá òsì, àdírẹ́sì lápá ọ̀tún.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo sìtáńpù. Ní 1899 ni Dahomey kọ́kọ́ ní sìtáńpù tirẹ̀. Èyí tó ní àwòrán ọkùnrin tó ń gun ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀ ní 1913. “République du Dahomey” túmọ̀ sí pé a ti gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni orúkọ orílẹ̀-èdè wa ti di Bénin. Bí káàdì náà bá sọ pé Atakpamé, tó sì ní sìtáńpù Jámánì, ó ti wà ṣáájú ogun 1914 nìyẹn, nígbà tí Tógò ṣì wà lọ́wọ́ Jámánì.

Ẹ ṣọ́ra o. Ọjọ́ tó wà lórí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ ni, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán. Wọ́n lè fi ọdún mẹ́wàá tàbí ogún ọdún tẹ àwòrán kan náà lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ má fi lẹ̀ẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Ẹ má fi báírò kọ nǹkan sí i, pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, ní ẹ̀yìn rẹ̀, kí ọwọ́ sì fúyẹ́. Ẹ má gbé e kọ́ sójú oòrùn. Ikán àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, nítorí náà àpótí irin tó ní ìdérí sàn ju àpótí pákó lọ. Ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ yà sínú kọ̀ǹpútà, nítorí ìtàn pọ̀ lẹ́yìn káàdì bí ó ti pọ̀ lójú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lówó láti rà á náà kò pàdánù. Àwọn tó ń ta káàdì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú bíi Delcampe, máa ń fi àwòrán rẹ̀ hàn kí wọ́n tó tà á. Ẹ lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì pe àgbà kan wá wò ó pẹ̀lú yín.

Láti Savalou dé Bantè, ojú ọ̀nà ìṣẹ̀ǹbáyé

A máa ń rìnrìn àjò lọ wo iṣẹ́ ọnà àwọn ẹlòmíràn, a sì ń gbàgbé pé ojú ọ̀nà tiwa náà kún. Àlejò tó bá ti Dassa yà wá sí Savalou á rí òkè àpáta tó yí ìlú ká. Á rí ààfin àwọn Gbaguidi. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ló dé, á bá ọdún iṣu tuntun, nígbà tí àwọn ọmọ Savalou ń ti ibi gbogbo wálé.

Bó bá kúrò ní Savalou tó dorí kọ ọ̀nà Bantè, kò ní pẹ́ kó tó dé Dankoli. Kò sí ògiri, kò sí ilé gíga níbẹ̀. Ojúbọ ni, epo pupa ti bò ó, èèkàn igi wẹ́wẹ́ tí àwọn ènìyàn gún sí i kò níye. Ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ á gún èèkàn tirẹ̀, á da epo sí i, á fẹ́ ọtí sí i, á sọ ohun tó ń fẹ́ àti ohun tí yóò fi dúpẹ́. Bó bá rí i gbà, ó gbọ́dọ̀ padà wá san ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ọmọ Mahi ń lọ, ọmọ Yorùbá ń lọ, ará Kútọnu ń lọ, òyìnbó ń lọ. Èèkàn kọ̀ọ̀kan, ẹ̀bẹ̀ ẹnì kan ni. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ṣì ń mí nìyẹn. Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ kí ẹ tó ya fọ́tò. Ohun tí àwọn onífọ́tò àtijọ́ kò ṣe fún wa, ẹ jẹ́ kí àwa máa ṣe é fún ara wa.

Lẹ́yìn náà ló kan ilẹ̀ Bantè: Gouka, Pira, Akpassi, Agoua, Koko àti àwọn yòókù. Ilẹ̀ Ìṣà ni. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní ojúbọ tirẹ̀, ní ọjà tirẹ̀, ní oríkì tirẹ̀. Káàdì mélòó ló wà tí ọmọ Bantè lè rà fún àlejò rẹ̀ láti fi ṣe ìrántí? Èmi kò tíì rí ọ̀kan tà lọ́jà wa.

Ohun tí a lè ṣe

Àwòrán àtijọ́ kì í ṣe ohun ìṣeré. Ní 1911, Faransé kan tó ń jẹ́ Waterlot fara balẹ̀ ya àwọn ère ara ògiri ààfin Abomey ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde nínú ìwé ní 1926. Láti ìgbà náà, òjò àti ọjọ́ ti ba púpọ̀ nínú ògiri wọ̀nyẹn jẹ́. Iṣẹ́ Waterlot yẹn ni àwọn onímọ̀ ṣì ń wò láti mọ bí wọ́n ti rí. Láti 1993 sí 1997, ìjọba wa àti ilé iṣẹ́ Getty ti Amẹ́ríkà jọ tún 50 ère ògiri láti ààfin Glèlè ṣe. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ohun ìṣúra 26 tí Faransé kó ní Abomey padà dé Kútọnu, àwọn ènìyàn sì tò sí ojú títì láti pàdé wọn. Inú gbogbo wa dùn.

Ṣùgbọ́n àwòrán àwọn ìyá wa kò nílò ọkọ̀ òfuurufú ìjọba kó tó padà wálé. Ẹ̀dà rẹ̀ lè wọlé lónìí. Ohun tó kù ni orúkọ, orúkọ kò sì sí ní Paris. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà wa ló wà, àwọn náà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo wá ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí ó ya igun kan sọ́tọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, níbi tí a ó ti pàtẹ ẹ̀dà káàdì àtijọ́ àti fọ́tò inú àpótí ilé kọ̀ọ̀kan, kí ó tóbi tó kí ojú àgbà lè rí i. Kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, kí ó máa kọ ohun tí àgbà bá sọ: orúkọ, ilé, àdúgbò, irú aṣọ, irú ilà. Bí àgbà bá ní “jẹ́ kí n rò ó wò”, kí ọmọ náà má dìde, kí ó dúró tì wọ́n.

Ẹ̀yin aṣojú ìjọba, mo ń bẹ̀ yín pé kí mairie méjèèjì fún wa ní yàrá kan tí òjò kò lè jò sí, àti àpótí tí ikán kò lè jẹ. Owó rẹ̀ kò tó owó àgọ́ ọdún kan. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, bí ẹ bá ń lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Dahomey sí, ẹ ka orúkọ tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wa ibi tí orúkọ kò sí. Àti gbogbo wa tí a ń fi fóònù ya fọ́tò lónìí, kí a tó sùn, ẹ jẹ́ ká kọ orúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, ká kọ ibi tí a wà àti ọjọ́ tí a yà á. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ kan á mú un lọ́wọ́.

Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Àrọ́bá ni baba ìtàn. Obìnrin inú káàdì mi á wà níbi àpéjọ wa lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ìyá àgbà Bantè, Gouka, Doumè àti Tchetti, mo ń mú un bọ̀ wá bá yín. Ẹ bá mi wo ojú rẹ̀. Bóyá ẹnì kan ṣì wà tó lè pè é lórúkọ.

Ọdún á yabo. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀.